Oúnjẹ Tó Mu Omi Wa Tán

Àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ikọ́ Bàbá ti lọ, a sì ti tún òrùlé ilé ìdáná ṣe.

Ṣùgbọ́n inú ń bí mi sí ọ gan-an! Ìwọ lo ní ká fi ìkòkò oúnjẹ sílẹ̀ nílé tá a bá ń lọ pàgọ́ sórí òkè, pé oúnjẹ gbígbẹ inú ọ̀rá tó o fi ránṣẹ́ fúyẹ́. Lóòótọ́ ló fúyẹ́! Omi tó ń mu kó tó ṣeé jẹ ńkọ́? Kò sódò lókè yẹn, èmi ni mo ru gbogbo omi wa gòkè. Èjìká mi ṣì ń ro mí. Bí mo ṣe ń da omi sínú ọ̀rá, Bàbá gbé ife òfìfo dání, ó ní, “Ṣé oúnjẹ la gbé wá ni, àbí àlejò tí òùngbẹ ń gbẹ?”

Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Jọ̀ọ́, má fi oúnjẹ ránṣẹ́ mọ́. Ìwọ gan-an ni kó o wá, kó o wá ru omi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin