Ìgò Tí Mo Gbà Lẹ́yìn Rẹ

Ọmọ mi, ọkọ mi, bàbá ọmọ tuntun,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa, mo kí àlejò kékeré tó gba oorun lójú yín. Ara bàbá yín ti ń mókun. Dókítà ti dín oògùn rẹ̀ kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ló bá mi tún máṣíìnì ìránṣọ mi ṣe.

Ìyàwó rẹ ní ọmọ ti pé oṣù méjì, o kò tíì gbé e rí. Ó ní o sọ pé, "Àbínibí ni ọmọ gbígbé, obìnrin ni wọ́n dá a mọ́."

Ẹ̀bi mi ni. Nígbà tí o wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin, o máa ń fi aṣọ pọn ìgò nínú ṣọ́ọ̀bù mi, tí o ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún: "Má sunkún mọ́, màmá ò ní í pẹ́ dé." Ẹ̀gbọ́n rẹ ní tiẹ̀ ń yí táyà kiri. Àwọn oníbàárà rẹ́rìn-ín, ojú tì mí. Mo já ìgò náà gbà, mo dè é mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n rẹ, mo gbé táyà fún ọ. Ẹ̀yin méjèèjì lẹ sunkún. Òun ju ìgò nù, ó padà sídìí táyà. Ìwọ, ọmọ jẹ́jẹ́, lo gbọ́ tèmi.

Jọ̀ọ́, má gbọ́ ti ìgbà yẹn mọ́. Lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá dé, fọwọ́ rẹ, kí o gbé ọmọ rẹ. Di orí rẹ̀ mú dáadáa, ọrùn rẹ̀ kò tíì le. Ọlọ́run á jẹ́ kó mọ ọwọ́ bàbá rẹ̀.

Èmi, ìyá rẹ.