Ọwọ́ Òsì Ló Ń Borí

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ara mi le koko bí ojú ẹja. Iṣẹ́ mi báyìí, eré ni: mò ń so wáyà mọ́ bọ́tìnì àti kókó ribiti tí wọ́n ń fọwọ́ yí lára àpótí géèmù tí àwọn èèyàn ń gbé sílé. Ẹni méjì ló yẹ kó gbá a wò kí oníbàárà tó gbé e. Láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹnìkejì mi dúró lẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ mi méjèèjì ló ń bá ara wọn gbá a. Lóṣù yìí, òsì ló ń borí ṣáá. Ọ̀tún kàn ń ṣọ̀lẹ ni. Ife omi pàápàá, ó ní òun ò gbé.

Ẹ bá mi kí Bàbá, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má bínú sí ìkọ̀wé wọ́gọwọ̀gọ yìí. Mo mọ̀ pé a kì í fi ọwọ́ òsì kí àgbà.