Igi Tó Wà Lókè Orí Ọkọ Rẹ

                                        Yàrá Kejì, Ilé Àwọn Òṣìṣẹ́,
                                        Ẹ̀yìn Kòtò Èédú.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, ìyàwó ilé wa,

Báwo ni ilé? Ṣé àwọn ọmọ kò yọ ọ́ lẹ́nu jù? Orúnkún Màmá ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí wọ́n rí oorun sùn? Ara tèmi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Jókòó kí o tó ka ìyókù, má sì kà á sókè.

O mọ̀ pé iṣẹ́ mi ni láti máa wá ewé àti igi àtijọ́ tó di òkúta nínú èédú. Lọ́jọ́ Ajé, mo tẹ̀lé ọkọ rẹ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ inú ihò. Kí wọ́n tó jókòó jẹun, ó fi ọ̀pá irin lu àjà ihò, bí ìṣe wọn. Bó bá dún bí ìkòkò òfìfo, wọ́n á sá. Bó bá dún ko, wọ́n á jókòó. Ó dún ko, wọ́n sì jókòó.

Mo gbé iná sókè, mo rí òbìrìkìtì dúdú kan lókè orí wọn. Inú mi kọ́kọ́ dùn, n ò ní purọ́. Ìdí igi ni, igi ayé àtijọ́ tó ṣì wà lóòró. Ibi gbígbẹ tí a wà yìí, àbàtà ni nígbà náà: ooru, omi, igbó kìjikìji. Àwọn ègé igi tí mo ti gé níbẹ̀ kò ní òrùka tí igi máa ń fi ka ọdún nínú, torí òjò kì í dá, wọn ò mọ ẹ̀ẹ̀rùn. Odò ló kún, tí ẹrẹ̀ bo igi náà lóòró. Inú rẹ̀ jẹrà, ẹrẹ̀ kún un, ó di òkúta. Èèpo rẹ̀ nìkan ló di èédú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ó sì ń yọ̀.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù bà mí. Òkúta inú rẹ̀ ló jẹ́ kó dún ko, àmọ́ èèpo yẹn nìkan ló dì í mú. Mo ní kí wọ́n dìde. Ọkọ rẹ rẹ́rìn-ín, ó ní èmi Àǹtí Olókùúta ti ń bá òkú igi sọ̀rọ̀ jù, pé ọ̀pá òun kì í parọ́. Mo bá gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀, mo sá lọ. Ó lé mi, àwọn yòókù tẹ̀lé e láti wá wòran. Igi náà já bọ́ lẹ́yìn wa, kò tiẹ̀ dún kó tó já. Àpótí tí ọkọ rẹ jókòó lé fọ́ yángá.

Gbogbo wa la yè. Ṣùgbọ́n òbìrìkìtì bẹ́ẹ̀ ṣì pọ̀ níbẹ̀, odindi igbó ló wà lókè orí wọn. Mo bẹ ọ̀gá kó fi òpó gbé àjà ró. Ó ní òpó ń bọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ò ní dúró dè é. Ọkọ rẹ náà ní ẹnì kankan ò ní pe òun ní ojo. Wọ́n ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló á sá. Tiwa yìí tún fẹ́ padà lọ jókòó ti ejò.

Ìdí nìyí tí mo fi kó oògùn Màmá àti lẹ́tà yìí lé ọkọ rẹ lọ́wọ́ pé kó gbé e wálé, tí mo ní ọ̀rọ̀ oògùn náà jẹ́ kánjúkánjú. Irọ́ ni, oògùn náà lè dúró. Kò mọ ohun tí mo kọ.

Bá mi kí Màmá, kí o sì bá mi kí àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà, ọ̀rẹ́ mi, bá a jà, ṣàìsàn, kó bàtà rẹ̀ pamọ́. Má jẹ́ kó padà wá àfi tí mo bá kọ̀wé pé òpó ti dúró. Èmi ti jí oúnjẹ rẹ̀. Ó kù sọ́wọ́ rẹ.

                                        Èmi ni tìrẹ tí ò lè dá a dúró mọ́,
                                        Àǹtí Olókùúta.