Bọ́tìnì Inú Búrẹ́dì àti Nọ́ńbà Tí Kò Lórúkọ

Ọmọ mi àtàtà, akẹ́kọ̀ọ́ gíga,

Ṣé o wà dáadáa? Ṣé ara rẹ le? Ṣé ò ń jẹun kánú? Mo kí ọ, bàbá rẹ náà kí ọ, ààrò búrẹ́dì gan-an ì bá kí ọ tó bá lẹ́nu. Ọlọ́run tó mú ọ wọ ilé ìwé náà ni yóò mú ọ jáde pẹ̀lú ayọ̀, ojú kò ní tì ọ́ níwájú àwọn olùkọ́ rẹ, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ohun tí o kà kò ní fò lọ lọ́jọ́ ìdánwò. Àmín. Má bínú sí ìyẹ̀fun tó wà lára ìwé yìí o, inú mi ló dùn débi pé mi ò lè dúró fọ ọwọ́.

Ilé dáa. Orúnkún bàbá rẹ ti fẹ́ẹ̀ san tán, wọ́n tiẹ̀ ti ń gun àkàbà bí mo bá ti yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ti kun ilẹ̀kùn ilé búrẹ́dì ní búlúù, wọ́n ní funfun ń tètè dọ̀tí, àmọ́ mo mọ̀ pé ọ̀dà búlúù ló ṣẹ́kù nílé.

Fóònù tí o fi ránṣẹ́ dé láìfọ́, mo dúpẹ́, o ò ní ráhùn. Ṣùgbọ́n fóònù yẹn kì í ṣeré o. Obìnrin tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló bá mi ṣí i, nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, fóònù ní kí n jẹ́rìí pé èmi kì í ṣe ẹ̀rọ. Mo ní kó dúró ná, irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá ṣe. Mo lọ pe bàbá rẹ. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n dúró ṣánṣán níwájú fóònù, wọ́n ní ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n rèé tí àwọn ti fẹ́ mi, àwọn ò rí ẹ̀rọ kankan lára mi. Ìgbà yẹn ni mo tó tẹ̀ ẹ́. Kò tíì gbà, ó tún kó fọ́tò mẹ́sàn-án síwájú mi, ó ní kí n mú èyí tí kẹ̀kẹ́ wà nínú ẹ̀. Èmi mú mẹ́ta, bàbá rẹ ní mẹ́rin ni, pé táyà kan ń yọjú nísàlẹ̀. Bàbá rẹ ló jàre. Bí mo ṣe di èèyàn lójú fóònù nìyẹn.

Ó yá, o ní kí n kọ gbogbo bí ọ̀rọ̀ bọ́tìnì ṣe lọ látòkè délẹ̀, torí olùkọ́ yín ní kí ẹ kọ̀wé lórí bí àwọn ẹ̀rọ ìgbàlódé ṣe ń yí iṣẹ́ yín padà. Èmi máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ náà fáwọn èèyàn pé ẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń mú kí iléeṣẹ́ àti aráàlú gbọ́ ara wọn yé. Àwọn kan máa ń ní ṣé iṣẹ́ nìyẹn. Wọn ò bi mí mọ́ báyìí.

Tíṣà àgbà tó kọ́ ọ ní ìṣirò, tí wọ́n ti fẹ̀yìntì, ń gé búrẹ́dì wa láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀bẹ wọn bá kan nǹkan líle. Bọ́tìnì ni, funfun, olójú mẹ́rin. Láyé àtijọ́ wọ́n á gbé e wá bá mi, wọ́n á bú mi, màá bẹ̀ wọ́n, ó parí. Ṣùgbọ́n Tíṣà ti ní fóònù. Wọ́n ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n jù ú sínú gúrúùpù àdúgbò tí èèyàn tó lé lọ́gọ́rùn-ún wà. Kí n tó yọ ẹrù kejì nínú ààrò, ọ̀rọ̀ ti kárí. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé lọ́nà jíjìn pè mí, ó ń béèrè bóyá òótọ́ ni pé aṣọ la fi ń po ìyẹ̀fun. Nígbà tó fi di ọ̀sán, ogójì búrẹ́dì ṣì wà lórí pẹpẹ, wọ́n ń wò mí, èmi náà ń wò wọ́n. Ẹ̀rù bà mí, ọmọ mi, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọdún méjìlélógún la ti ń ṣe búrẹ́dì yìí, ibẹ̀ la ti ń jẹ, ibẹ̀ lo ti ń kàwé, tó bá dojú dé, mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn.

Ni mo bá pè ọ́. Ṣé o rántí bí o ṣe pariwo? O ní ohun tí wọ́n ń kọ́ yín gan-an nìyí. O ní láyé fóònù yìí, ọ̀rọ̀ ń tàn láàárín ìṣẹ́jú, pé kí n má jẹ́ kó di alẹ́, kí n dáhùn gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kí n má yọ ẹnì kankan sílẹ̀. O sì fi lẹ́tà kan ránṣẹ́ tí o ní ẹ̀rọ tó ń dá ìwé kọ ló kọ ọ́. Mo kà á sí bàbá rẹ létí. Ó ní iléeṣẹ́ wa mọ rírì àwọn oníbàárà wa ọ̀wọ́n, pé ìgbìmọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tó jinlẹ̀. Bàbá rẹ yọ awò ojú, wọ́n ní ta ni ìgbìmọ̀. Mo ní bóyá èmi àti ẹ̀yin ni. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó pe àwọn sípàdé. Síbẹ̀ mo fi ránṣẹ́ bí o ṣe wí, torí èdè ẹ̀ dùn, mo tiẹ̀ rò pé ọ̀gá ilé ìwé kan ló ń gbé inú ẹ̀rọ náà. Bá mi kí i o.

Tíṣà fèsì lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní èyí kì í ṣe ẹnu mi, àwọn mọ ẹnu mi. Wọ́n ní ìwádìí wo là ń ṣe lórí bọ́tìnì kan. Inú bí mi, mo fẹ́ fèsì, mo wá nu ọwọ́ mi lára aṣọ iṣẹ́ kí n tó di fóònù mú. Ọmọ mi, aṣọ náà yẹ̀ lára mi, mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀. Bọ́tìnì mẹ́rin ló yẹ kó wà níbẹ̀, mẹ́ta ni mo kà. Òwú ṣì so rọ̀ níbi tí ọ̀kan ti já. Ìwádìí ìgbìmọ̀ parí síbẹ̀.

Níbi tí mo ti ń làágùn ni nọ́ńbà kan tí mi ò mọ̀ rí ti sọ̀rọ̀ nínú gúrúùpù, kò lórúkọ, kò ní fọ́tò, àfi àwòrán fèrèsé kan. Ó ní búrẹ́dì yìí lòun jẹ dàgbà. Ó ní bí obìnrin náà bá ti yọ búrẹ́dì nínú ààrò, ó máa ń fi ìka kan ìdí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á wá tẹ́tí sí i bíi pé búrẹ́dì fẹ́ sọ àṣírí fún un, pé ẹni tó ń ṣe báyẹn kò ní purọ́ fún èèyàn, kí wọ́n ní sùúrù kó fẹnu ara ẹ̀ sọ̀rọ̀. Inú mi dùn gan-an. Àmọ́ ńṣe ni gúrúùpù tún gbaná. Wọ́n ní ẹ̀rọ nìyẹn. Wọ́n ní ṣebí ọmọ ẹ̀ ń kọ́ irú ẹ̀ ní ìlú ńlá, ó ti rán ẹ̀rọ wá máa yin ìyá ẹ̀. Èyí dùn mí ju ti bọ́tìnì lọ. Bọ́tìnì, mo jẹ̀bi ẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti wá fa orúkọ rẹ wọ inú ẹ̀. Mo pinnu pé màá wá ẹni yẹn rí, kí wọ́n lè mọ̀ pé èèyàn ni.

O ní kí n dáhùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo mú ìwé, mo kọ orúkọ gbogbo ẹni tó sọ̀rọ̀ tàbí tó gbé àwòrán sílẹ̀, wọ́n jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta. Mo yan búrẹ́dì kéékèèké, mo kó wọn sínú apẹ̀rẹ̀, ó di ojúlé kìíní. Mo mọ̀ pé o ní kó má di alẹ́, ọjọ́ mẹ́ta ló gbà mí, ẹsẹ̀ méjì péré ni mo ní. Ilé tí mo bá dé, ohun kan náà ni mò ń sọ, pé bọ́tìnì mi ni, ara aṣọ mi ló ti já, ẹ má bínú, okùn ni mo fi ń so aṣọ náà báyìí. Màá wá yí ẹ̀yìn padà kí wọ́n rí okùn.

Àwọn kan wà tí wọn ò sọ nǹkan kan, àtàǹpàkò nìkan ni wọ́n gbé sókè. Mo rò pé ńṣe ni wọ́n tẹ̀ka sí ẹ̀sùn, mo bi wọ́n ìdí tí wọ́n fi tẹ̀ka láìkọ́kọ́ bi mí. Ó yà wọ́n lẹ́nu. Ti télọ̀ wá yàtọ̀, ojú tí omi ń dà lápá ọ̀tún àti lápá òsì ló gbé sílẹ̀, márùn-ún lẹ́sẹẹsẹ. Àánú ẹ̀ ṣe mí. Mo gbé búrẹ́dì ńlá lọ fún un, mo jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, mo ní kó má sunkún mọ́, bọ́tìnì lásán ni, kò sẹ́ni tó kú. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀, ó ní ẹ̀rín lòun ń rín níbẹ̀. Mo ní ẹ̀rín tó ń mú omi jáde tóyẹn, kó yáa lọ rí dókítà. Ojú tì í, ó bá mi gán okùn náà mọ́ aṣọ dáadáa, kò gbowó.

Tíṣà ni mo fi ṣe ìkẹyìn. Wọ́n ti di bọ́tìnì náà sínú bébà, wọ́n kọ ọjọ́ àti aago sí i lára, o ṣáà mọ̀ wọ́n. Mo ní tèmi ni. Wọ́n ní láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun làwọn ti ń retí kẹ́nì kan sọ gbólóhùn yẹn. Wọ́n fún mi ní àga, wọ́n bu omi fún mi, wọ́n wá mú fóònù, ìka kan ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń kan ìṣó, wọ́n kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé mo fẹsẹ̀ ara mi wá, mo fẹnu ara mi sọ ọ́, àwọn á sì ra búrẹ́dì lọ́la.

Ọmọ mi, ọ̀la yẹn ńkọ́! Aago méje ò tíì lù tí èrò ti tò débi ilẹ̀kùn búlúù. Ogójì búrẹ́dì tán, ọgọ́ta tán, bàbá rẹ ń sáré gbé igi ààrò pẹ̀lú orúnkún yẹn. Télọ̀ ya fọ́tò okùn ẹ̀yìn mi, ó jù ú sínú gúrúùpù, àtàǹpàkò ń yọ sókè, mo sì ti wá mọ̀ báyìí pé tinú dídùn ni. Oníbúrẹ́dì Olókùn ni wọ́n ń pè mí. Àwọn tó ń gbé lọ́nà jíjìn ti ń pe fóònù wa pé àwọn fẹ́ rà. Sọ fún olùkọ́ yín kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì fún bàbá rẹ náà ní máàkì nítorí kẹ̀kẹ́ kẹrin yẹn.

O sọ fún mi pé ẹ̀rù ń bà ọ́, pé tí ẹ̀rọ bá ti lè kọ lẹ́tà, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi ìwọ ṣe. Mo ti rò ó. Ẹ̀rọ yẹn ò burú, ó yára, ọ̀wọ̀ wà lẹ́nu ẹ̀. Ní kó máa kọ̀wé, kí ìwọ máa lọ sílé wọn.

Ohun kan ló wá kù. Mo ti fagi lé orúkọ mọ́kànlélọ́gọ́ta, nọ́ńbà nìkan ló wà ní ìlà tó gbẹ̀yìn. Tíṣà ṣì ní ẹ̀rọ ni, wọ́n ní kí n fi èèyàn hàn wọ́n. Mo lọ bá obìnrin tó ń tún fóònù ṣe pé kó júwe ilé nọ́ńbà náà fún mi, ó ní nọ́ńbà ò nílé. Mo béèrè kiri títí. Mo tiẹ̀ kọ̀wé sí nọ́ńbà náà pé kó jẹ́rìí pé òun kì í ṣe ẹ̀rọ, pé èmi náà ti ṣe tèmi, kò le. Ó kà á, kò fèsì.

Lánàá, mo kan ìdí búrẹ́dì, mo tẹ́tí, ọwọ́ mi dúró. Mo rí i pé ògiri ló wà láàárín ààrò àti ibi tí wọ́n ti ń rajà. Kò sí oníbàárà kankan tó lè rí mi níbẹ̀ láé, bàbá rẹ ò sì mọ fóònù tẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó ń ṣe ìṣirò Tíṣà, tó ń bi mí pé kí ni búrẹ́dì wí. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń dà lójú mi lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Àṣé télọ̀ ò purọ́.

Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn sọ fún Tíṣà pé èèyàn ni, pé á wá lọ́jọ́ Sátidé. Kò sófin tó ní kí ọmọ má yin ìyá ẹ̀, ṣùgbọ́n kó fi orúkọ sí i. Wá sọ ọ́ fún wọn bí mo ṣe sọ ti bọ́tìnì. Bí ẹ̀rù bá ń bà ọ́, màá dúró tì ọ́, mo ti mọ ọ̀nà gbogbo ilé wọn.

Jọ̀ọ́, bá mi wá owó díẹ̀, ìsàlẹ̀ bàtà mi ti lu síbi ìrìn yẹn, dátà fóònù náà sì tún ti tán, mi ò mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́, torí inú àpótí ni mò ń tì í mọ́ tí mi ò bá lò ó. Àmọ́ tí owó ọwọ́ rẹ ò bá ká bàtà àti ọkọ̀, fi wọ ọkọ̀, kí bàtà dúró. Mo ti fi bírò sáàárín ìwé orúkọ náà nílé, níbi ìlà tó gbẹ̀yìn, kí o fọwọ́ ara rẹ kọ orúkọ rẹ síwájú nọ́ńbà yẹn.

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ lọ́nà, wàá bá wa láyọ̀, orúkọ rẹ á máa dùn lẹ́nu àwọn èèyàn. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ti jẹ́rìí pé òun kì í ṣe ẹ̀rọ.