Ọjọ́ Tí Mo Nàró Nínú Ọkọ̀ Lavina

                                        Ojúlé Kẹrin, Òpópónà Etí Odò,
                                        Juneau,
                                        Alaska.
                                        17 Oṣù Keje, 2019.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Matrona,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Orúnkún tó ń dà ọ́ láàmú ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ti ibi ẹja pípa dé? Ẹja sámọ́nù yíyan tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ó dùn dé egungun. Ara èmi náà le, ọpẹ́ ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí o. Bí ìlà bá wọ́, ìwọ náà gbé orí wọ́ kà á.

Ọ̀rọ̀ Lavina, ọmọ ọmọ mi, ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O mọ̀ pé ó ti ń kọ́ iṣẹ́ atọ́nà lọ́dọ̀ Edwin, tó ń fi ọkọ̀ kó àlejò lọ wo òkè yìnyín lórí adágún. Sátidé tó kọjá ni ìdánwò rẹ̀. Bó bá kó èrò mẹ́fà lọ, tó sì kó wọn bọ̀ láìsí àléébù, Edwin yóò fún un ní ọkọ̀ tirẹ̀. Bí kò bá yege, ó di ọdún tó ń bọ̀. Àlejò márùn-ún ló wà níbẹ̀, èmi ni mo ṣe ìkẹfà. Ṣé kí wọ́n máa dán ọmọ mi wò, kí n jókòó sílé ni?

Kí a tó gbéra, Lavina kìlọ̀ fún gbogbo wa. Ó ní, "Ẹnì kankan ò gbọdọ̀ dìde nínú ọkọ̀. Tí ẹnì kan bá dìde, gbogbo wa la máa bá a ṣubú sómi." O mọ omi yẹn, Matrona. Òtútù rẹ̀ kì í fún èèyàn láyè àdúrà gígùn.

Gbogbo wa fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ títí a fi rí òkè náà gbangba. Ni ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn kan, Dwayne, bá pariwo sí i pé, "Òun rè é? Fíríìjì ilé mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú lọ! Ó yá, ṣe nǹkan ká rí!" Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Ara mi bù máṣọ. O rántí bí wọ́n ṣe tọ́ wa: ìyá mi kì í din nǹkan nítòsí òkè yẹn, kí òórùn ọ̀rá má baà bí i nínú, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé kéèyàn bú u. Ẹyin lọ̀rọ̀. Mo retí pé kí Lavina bẹ òkè náà, ṣùgbọ́n òkìtì yìnyín kan tó léfòó lápá òsì wa ló tẹjú mọ́.

Mo bá ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo nàró, mo na ọwọ́ méjèèjì sí òkè tí à ń pè ní Bàbá àgbà. "Bàbá àgbà, ẹ má bínú, àlejò ni, kò mọ̀..." Ọkọ̀ fẹ̀gbẹ́, omi dà sí wa lẹ́sẹ̀.

"Ìyá àgbà, ẹ jókòó!"

Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ta ló jágbe mọ́ mi bẹ́ẹ̀? Mo ṣì ń wo Lavina.

"Mo ní ẹ jókòó!"

Mo jókòó gbàmù. Bí ìdí mi ti kan pákó báyìí ni òkìtì yìnyín náà yí dànù, tí ìgbì dìde, tó ga bí ilẹ̀kùn. Lavina ké pé, "Ẹ kọ orí ọkọ̀ sí i! Ẹ wà á! Ẹ má dúró!" A gun ìgbì náà, a já lulẹ̀, a tún gun òmíràn. Dwayne di aṣọ mi mú, ó ń pe ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kankan kò ṣubú.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, Edwin, tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa lókèèrè nínú ọkọ̀ tirẹ̀, bi Lavina pé, "Ọkọ̀ yín ti fẹ̀gbẹ́ kí ìgbì tó dé. Ta ló dìde?"

Lavina kò wo ojú mi. "Kò sẹ́ni tó dìde, sà. Àjẹ̀ ló yọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́."

Èmi Agrafena, tí wọ́n máa ń pè kó wá sọ̀rọ̀ ní gbogbo àpéjọ, mo tẹrí ba, mo ń tú okùn ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, bí ẹni pé ó ta kókó. Kò ta kókó rárá.

Edwin ní, "Bí àjẹ̀ bá ń yọ̀ lọ́wọ́ rẹ lórí omi tó parọ́rọ́, a jẹ́ pé ó di ọdún tó ń bọ̀." Ọmọ náà kàn mi orí.

Mi ò lè gbé e mì. Mo ní, "Edwin, èmi ni. Èmi ni mo nàró, mo ń bẹ òkè. Ó ti kìlọ̀ fún mi, òun náà ló sì ní kí n jókòó."

Edwin kọjú sí Lavina. Ó wá sọ fún un pé, "Ẹni tó lè ní kí ìyá yìí jókòó, tí wọ́n sì jókòó, kò sí àlejò tí kò ní gbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n o purọ́ fún mi nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí omi. Irú irọ́ bẹ́ẹ̀ á pa ẹlòmíràn lọ́la. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wàá fi wà nínú ọkọ̀ mi. Lẹ́yìn náà, wá gba tìrẹ."

Nígbà tí a ń wa mọ́tò lọ sílé, Lavina ló kọ́kọ́ lanu. "Ìyá àgbà, mo jágbe mọ́ yín."

Mo ní, "O jágbe ire."

Ó ní èmi ni èrò àkọ́kọ́ tí òun yóò gbé nínú ọkọ̀ tòun. "Ẹ máa bá Bàbá àgbà sọ̀rọ̀ o, ṣùgbọ́n lórí ìjókòó ni. Etí wọn ò di."

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì kí gbogbo ará ìjọ yín. Máa fi omi gbígbóná jó orúnkún yẹn.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ti mọ ìjókòó báyìí,
Agrafena.