Ó Ti Pẹ́ Tí Mo Ti Wọn Ọkọ Mi

Ẹ̀gbọ́n wa olóòtú, ẹ kú ọ̀rọ̀ wa o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi orúkọ mi bò, torí ọkọ mi máa ń gbọ́ ètò yín ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà rẹ̀.

Aránṣọ ni mí. Kí a tó bímọ, tí mo bá fẹ́ ránṣọ fún un, á na apá, màá fi téèpù yí i láyà ká, á wá gbá mi mọ́ra. Á ní, "Mádáàmù, ẹ tún un wọ̀n, ẹ ti gbàgbé iye tó jẹ́."

Ọmọ dé, ìkejì tẹ̀lé e. Ṣáátì rẹ̀ àtijọ́ ni mo wá ń tẹ́ sórí aṣọ láti fi gé tuntun. Ó yá ju kí n máa pè é lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó wọ èyí tí mo rán, ṣe ló ṣe gbàgẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ bí aṣọ àyálò. Ọkọ mi ti rù, mi ò mọ̀! Nínú ilé kan náà! Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ọwọ́ ẹ ló dí."

Mo fa téèpù yọ lọ́rùn, ó na apá. Bí ọmọ wa kékeré ṣe ké ní yàrá nìyẹn, mo sáré lọ. Nígbà tí mo padà dé, ó ti bọ́ ṣáátì náà, ó ti lọ síbi iṣẹ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni obìnrin ń sọ kí ọkọ rẹ̀ tó tún na apá? Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé tí ẹ bá kà á dé ibi "Mádáàmù" yẹn, ọkọ mi á mọ̀ pé èmi ni. Ẹ dákun, tí ẹ bá débẹ̀, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.