Ilẹ̀kùn Yàrá Ìyá Rẹ Tí O Ní Kí N Yà

Kétu, ọjọ́ Ajé

Adéṣọlá ọmọ mi,

Ṣé o jí ire? Ṣé ara rẹ le, ṣé ọ̀fìnkìn tó mú ọ nígbà òjò ti lọ? Olúwa má jẹ́ kí ó rẹ̀ ọ́ bó ti rẹ̀ mí o. Ó rẹ̀ mí púpọ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ. Bí mo bá jí láàárọ̀, màá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì fún ìgbà díẹ̀ kí n tó rántí ohun tí mo fẹ́ dìde ṣe. Ṣùgbọ́n a dúpẹ́, a wà láàyè, àgbàdo ti ń gbó, Àìná àbúrò mi sì ní kí n kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí i sí ọ díẹ̀, wàá gbọ́ ìdí rẹ̀ níwájú.

Mi ò pè ọ́, mo kọ̀wé, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ gùn, ara fóònù mi ò sì yá. Ó kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé òun ti kún, pé kò sí àyè nínú òun mọ́. Mo bi Àbídéènì tó ń bá gbogbo àdúgbò ṣáájì fóònù, ó ní àwọn fọ́tò rẹ ló kún inú rẹ̀. Mo pa á, mo gbé e sídìí àmù níbi tó tutù, mo jẹ́ kó sinmi fún ọjọ́ méjì kí ohun tó jẹ lè dà. Nígbà tí mo tàn án, ó ṣì yó. Háàrúnà awakọ̀ ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀ wá bá ọ ní Kútọnu, jọ̀ọ́ fún un lómi tútù mu.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò ilẹ̀kùn yàrá ìyá rẹ tí o bèèrè lọ́wọ́ mi ni mo fẹ́ sọ. Mi ò tíì fi ránṣẹ́. Má bínú, jẹ́ kí n tò ó fún ọ bó ṣe jẹ́.

Nígbà tí fọ́tò ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí o fi ránṣẹ́ dé sórí fóònù, a rò pé o ṣèèṣì ni. Ilẹ̀kùn onírin pupa kan ní Godomey, tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kí ẹnikẹ́ni má tọ̀ síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, òmíràn dé láti Agblangandan, àgádágodo ńlá lẹ́nu rẹ̀. Ìkẹta láti Calavi, ààbọ̀ ilẹ̀kùn péré, mo ní bóyá owó ló tán lọ́wọ́ rẹ kí o tó ya ìyókù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń dé títí wọ́n fi pé mọ́kànlá, gbogbo wọn ló wà ní títì, o ò sì kọ ọ̀rọ̀ kan mọ́ wọn. Adéṣọlá, ìwọ náà mọ̀ pé nílé wa, ẹni tó bá fi nǹkan ránṣẹ́ tí kò sọ̀rọ̀ sí i, àrokò ló pa. Mo pe Àìná. Ó wọ gíláàsì mi, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bú sẹ́kún. Ó ní ilẹ̀kùn mọ́kànlá lọmọ wa kàn, kò sí èyí tí wọ́n ṣí fún un, ojú ló ń tì í láti sọ. Ó ní àfi kí a fi àrokò dáhùn kíákíá. Bí a ṣe ṣí ilẹ̀kùn ilé sílẹ̀ gbayawu fún ọjọ́ mẹ́ta nìyẹn, gbogbo rẹ̀ àfi ọ̀kan, kí ọ̀nà lè là fún ọ. Ọ̀nà là lóòótọ́, ewúrẹ́ ló gbà á wọlé. Wọ́n jẹ èlùbọ́ Àìná tán pátápátá, wọ́n tún jẹ kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì dé oṣù kẹsàn-án. Ìdí tí inú fi ń bí i nìyẹn.

Xavier, olùkọ́ ilé ìwé wa, ló pè ọ́ tó wá ṣàlàyé fún wa. Ó ní iṣẹ́ tí o gbé fún ara rẹ ni, ilẹ̀kùn kan lọ́sẹ̀ kan, kí ọwọ́ rẹ lè mọ́ fọ́tò yíyà. Mo bi í pé ta ni ọ̀gá, ó ní kò sí. Mo ní ọjọ́ wo ló máa parí, ó ní ìgbà tó bá wù ọ́. Mo ní ta ni yóò wá fún un ní máàkì, ó ní kò sẹ́ni. Àánú rẹ ṣe mí, ọmọ mi. Ogún ọdún ni mo fi wọn ẹkùrọ́ fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀, kò sí ọjọ́ kan tí ọ̀gá ò bú mi, ṣùgbọ́n bó bá di ìrọ̀lẹ́, ó ń sọ fún mi pé ó tó, kí n máa lọ sílé. Ta ló ń sọ fún ìwọ? Nítorí náà èmi ti bá ọ fún wọn ní máàkì. Ti Godomey gba mẹ́rìnlá nínú ogún. Ti Agblangandan gba mẹ́rìndínlógún, nítorí mo rí orúkọ tó wà lára àgádágodo náà kà. Ti Calavi gba méje, lọ ya ìyókù.

Lẹ́yìn ìyẹn lo ní kí n ya ilẹ̀kùn ìta ilé wa. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ ọdún Àjíǹde, mo dé fìlà, mo dúró gbọin síwájú ilẹ̀kùn, Àbídéènì sì ya wá pọ̀. Ta ló ń ya ilẹ̀kùn láìsí onílé? O dá èsì padà pé kí n jọ̀ọ́ kúrò níbẹ̀, pé mò ń dí i. Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo kúrò. A ya ilẹ̀kùn nìkan, ó dà bí ilé tí àwọn ará ibẹ̀ ti kó lọ, o sì ní ó dára gan-an. Ìgbà náà lo wá bèèrè ti yàrá ìyá rẹ.

Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí a ti sin ìyá rẹ, mi ò ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ó lé lọ́dún méjì. Ìwọ náà ò tíì padà wálé láti ìgbà náà, mi ò sì bá ọ wí. Àwọn èèyàn rò pé mo tì í ni. Mi ò tì í, kò ní kọ́kọ́rọ́ rárá. Lọ́jọ́ Ẹtì mo yá fóònù Àbídéènì nítorí tèmi ti yó, mo dúró síwájú rẹ̀, mo gbé ọwọ́ sókè bí Xavier ṣe kọ́ mi. Mo yà á lẹ́ẹ̀mẹta. Àbídéènì wò ó, ó ní ìka mi nìkan ló wà níbẹ̀, àti ẹsẹ̀ mi. Ní Sátidé mo tún lọ. Mo ní kí n kọ́kọ́ ṣí i kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, kí èyí tó ti ilé wá lè yàtọ̀ sí ti àwọn ará Kútọnu. Mo gbé ọwọ́ lé e. Pákó fúyẹ́fúyẹ́ ni, ọmọdé lè fi ìka kan taari rẹ̀, ṣùgbọ́n mo dúró síbẹ̀ títí wọ́n fi lu agogo ọ̀sán ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì padà lọ jókòó. Àìná ní kí òun bá mi ṣí i. Mo kọ̀ fún un. Aṣọ tí ìyá rẹ bọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí a gbé e lọ sí ọsibítù ṣì wà lórí àga níbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ rí i.

Bí nǹkan díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi owó èlùbọ́ Àìná ránṣẹ́ kí ilé lè tòrò, àti owó tí Àbídéènì ń gbà fún ṣáájì. Má fi í gba orí fóònù o, ó ti yó, owó náà ò ní ráyè wọlé. Háàrúnà ni kí o fi lé lọ́wọ́.

Olúwa yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ọwọ́ rẹ yóò mọ́ iṣẹ́ tí o yàn, ojú kò ní tì ọ́ níbi tí o bá dúró sí, o ò sì ní ṣe àṣedànù. Àmín. Ti ilẹ̀kùn ìyá rẹ, mi ò lè yà á fún ọ. Wá bá mi ṣí i, Adéṣọlá. Mi ò lè dá a ṣí.

Èmi ni bàbá rẹ.